Ìdérí Ẹnu Ìyá Àgbà

Àkùkọ funfun kan ni wọ́n so mọ́ òpó lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ yìnyín láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi Pining rọ́pò Felino. Manang Sorsing ti rí i láti òkèèrè, níbi tí ọ̀nà oníyanrìn ti já sí èbúté, ó sì mọ ohun tí wọ́n so ó fún. Kò sí ẹni tó ń so àkùkọ mọ́ òpó níbi iṣẹ́ yìnyín nítorí pé ó fẹ́ gbọ́ kíkọ rẹ̀.

"Wọ́n tún fẹ́ fún un lẹ́jẹ̀ mu," ló wí sínú afẹ́fẹ́.

Pining, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń rìn bọ̀, gbọ́ ọ. "Nay," ló pè é, bí ọmọ ṣe ń pe ìyá rẹ̀ níbẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Kí ni mo bẹ̀rẹ̀?"

"Mo mọ bí ẹnu yín ṣe máa ń rí tí ẹ bá ti fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Bó ṣe rí báyìí náà nìyẹn."

Manang Sorsing fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń rìn lọ.

Ẹni tó bá gbé èbúté Punta Baybay rí, ní etí òkun erékùṣù Panay, bó ti wù kó jìnnà síbẹ̀ tó lónìí, imú rẹ̀ ò lè gbàgbé: ẹja tí wọ́n sá sóòrùn, òróró ẹ́ńjìnnì, tuba, ìyẹn ẹmu àgbọn, tó ti kan láti àná, àti òtútù tó ń yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé yìnyín bí èémí ẹni tó sùn. Láìsí yìnyín, kò sí èbúté. Ọkọ̀ tó bá ń lọ sójú òkun á rà á, èyí tó bá sì ń ti ojú òkun bọ̀ á tún rà á, kí ẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Yìnyín náà á jáde nínú àgbá ńlá ní gbọọrọgbọọrọ, ó gùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Wọ́n á fi ìkọ́ irin wọ́ ọ gba orí ilẹ̀ títí dé ẹnu ẹ̀rọ tó ń rún un wẹ́wẹ́.

Ìyá Àgbà ni gbogbo èèyàn ń pe ẹ̀rọ náà, nítorí pé ó ti wà níbẹ̀ kí púpọ̀ nínú wọn tó dáyé, àti nítorí pé kò ní sùúrù. Nínú ilẹ̀ gan-an ni ẹnu rẹ̀ wà, gbayawu, ó fẹ̀ bí ọpọ́n ìfọṣọ. Eyín irin ń yí nísàlẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹnu náà á dúró sí etí rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í gbẹ, á ti yìnyín sínú rẹ̀. Bí yìnyín bá há, á fi ẹsẹ̀ tì í. Bí ẹsẹ̀ ò bá ràn án, á bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ tì í.

Ibẹ̀ ni Felino, ẹni tó ń ti yìnyín síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Súwíìṣì tó ń pa ẹ̀rọ náà wà lára ògiri lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Nong Pulo fúnra rẹ̀, olówó ilé-iṣẹ́, ló sáré lọ síbẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún sáré. Kó tó dé ibẹ̀, Ìyá Àgbà ti gba ọwọ́ Felino dé ọrùn ọwọ́.

Ìdí tí wọ́n fi so àkùkọ náà nìyẹn. Padugo ni wọ́n ń pe ètùtù náà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé, bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé, bí wọ́n bá gbẹ́ kànga, wọ́n á ta ẹ̀jẹ̀ adìẹ síbẹ̀ kí ó má baà wá béèrè ti èèyàn. Òṣìṣẹ́ tó dàgbà jù ló ń di ẹsẹ̀ adìẹ mú. Wọ́n á wá se ẹran rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i, torí pé àwọn tí a kò rí kì í jẹ iyọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ gbé e dé iwájú ìjọba, kò gbọdọ̀ gbé e dé iwájú àlùfáà, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ nídìí tuba.

Manang Sorsing ti jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà gé ìka Dodong. Ó tún jẹ ẹ́ nígbà tó fa irun obìnrin kan tó wá láti erékùṣù kejì, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e sílẹ̀. Ẹran aláìníyọ̀ náà kì í sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé e mì. Nígbà yẹn, ọmọ ẹlòmíràn ni.

"Pining," ó ní nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, "sọ fún Nong Pulo pé o ò ṣe mọ́. Máa bá mi wọ́ yìnyín."

Ọmọbìnrin náà dúró. Ó ga, apá rẹ̀ le, ó sì ti fi aṣọ pupa wé irun rẹ̀ dáadáa fún ọjọ́ ńlá náà. "Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé síbẹ̀, Nay. Àkọ́kọ́! Ẹni tó bá wà lẹ́nu Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè ní òṣìṣẹ́. Àwa tó kù, màlúù ni wá. Ẹ̀yin ti ń wọ́ yìnyín látìgbà tí wọn ò tíì bí mi, wọn ò gbé yín síbẹ̀ rí."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọwọ́ méjì tí mo fi bọ́ ọ."

"Mo máa ṣọ́ra."

"Felino náà ń ṣọ́ra."

Pining ṣíwájú, ó wọlé, kò wẹ̀yìn.

Inú ilé yìnyín kún. Gbogbo àwọn oníkọ̀ọ́, àwọn tó ń fi ìkọ́ wọ́ yìnyín, ti dúró yí ẹnu Ìyá Àgbà ká, wọn ò tan ẹ̀rọ. Tatay Ambo, arúgbó tó ń bá àwọn tí a kò rí sọ̀rọ̀, jókòó lórí àpótí ẹja, ó ń fi òkúta pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ láìyára. Nong Pulo dúró láàárín, ó sanra, ojú rẹ̀ wú bí ti ẹni tí kò sùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro nìyẹn. Ọkọ̀ ara rẹ̀ ló fi gbé Felino lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ìka ìfábẹ̀lá òsì rẹ̀ tó kù ní ààbọ̀ ló fi ń nàka.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀fun Ìyá Àgbà ti gbẹ. Èmi ni mo jẹ̀bi, ó pẹ́ tí mo ti fún un ní nǹkan kẹ́yìn. Ẹ wo ìka yìí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tó gba ìka yìí, kí ni bàbá mi ṣe? Ó pe Tatay Ambo. Wọ́n pa àkùkọ funfun. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún gbà? Kò sí! A dàgbà, a fẹ́ ìyàwó, a bímọ, kò gba èékánná lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló tì í lẹ́nu." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Felino náà, ká sọ tòótọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òun àti tuba kì í ṣe ọ̀tá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́.

"Ó ti tó. Manang Sorsing, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú wa. Ẹ wá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Inday Pining, múra. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ."

Manang Sorsing lọ tú àkùkọ náà lára òpó. Ṣùgbọ́n kò dì í lẹ́sẹ̀ mú. Ó fi í há abíyá bí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀, ó sì padà wá dúró.

"Mo ti mú un," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò tíì ní kú."

Tatay Ambo gbé ojú sókè, ó dá ọ̀bẹ pípọ́n dúró.

"Kí lẹ wí, Manang?"

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ní láti sọ kó tó kú. Ọjọ́ tí wọ́n pa àkùkọ nítorí ìka yín, Nong Pulo, mo wà níbẹ̀."

"Gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀."

"Gbogbo èèyàn ń wo àkùkọ. Èmi ò wo àkùkọ."

"Kí lẹ wá ń wò?"

"Káfíńtà."

Ilé náà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin oníkọ̀ọ́ kan tó ti dàgbà pàtẹ́wọ́. "Melanio ni! Ẹ wò ó, òótọ́ ló ń sọ! Ojú ẹ̀ ò kúrò lára Melanio lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni Manang Sorsing wí. "Ọmọge ni mí nígbà náà, òun náà sì ní èjìká. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó wá di ọkọ mi, mi ò lè gbàgbé nǹkan kan nínú rẹ̀. Tatay Ambo ti pa adìẹ tán, ó ti ń fọ ọwọ́, gbogbo yín ti yíjú sí ìkòkò. Ìgbà náà ni Melanio wọlé pẹ̀lú pákó léjìká, pákó tó nípọn tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ó kúnlẹ̀ síbí." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ etí ẹnu ẹ̀rọ náà. "Ó wọn ẹnu Ìyá Àgbà bí ẹni tó ń wọn fìlà fún un. Ó kan ìdérí sí i, ó sì fi àyè tóóró sílẹ̀ láàárín, tí ọwọ́ ò lè gbà wọlé. Omi tí mo gbé fún un lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun rì ni."

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́.

"Gbogbo ọdún tí ẹ ń sọ yẹn, tí kò gba èékánná, pákó Melanio ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wá pọ̀ lébùúté, tí ẹ ní iṣẹ́ ń falẹ̀ torí pé a ní láti kọ́kọ́ fọ́ yìnyín sí kéékèèké kó tó lè gba àyè náà kọjá, ta ló ní kí wọ́n yọ pákó yẹn dànù? Ọdún náà gan-an ni Dodong fi ìka rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Àkùkọ la rántí, Nong Pulo. A gbàgbé pákó."

Omi ń kán láti ara yìnyín. Nong Pulo yíjú sí arúgbó náà bí ẹni tó ń wá ibi tó máa dì mú.

"Tatay Ambo, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń wí?"

Arúgbó náà fi àtàǹpàkò tọ́ ojú ọ̀bẹ wò. "Mo gbọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ fún bàbá ẹ. Mo ní, èmi á bá àwọn tí a ò rí sọ̀rọ̀, ìwọ náà lọ bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"O ò bi mí. Adìẹ lo máa ń gbé wá."

Bóyá bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú Nong Pulo sì pọ́n bí ẹja tí wọ́n fa ìwọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe ilé-iṣẹ́ bàbá mi? Bí a bá ń jókòó fọ́ yìnyín bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà, ọkọ̀ á gba èbúté míì lọ. Gbogbo yín á wá wọ́ iyanrìn dípò yìnyín! Ẹni tó bá ń ṣọ́ra kì í fara pa. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

"Ẹni tó bá ń ṣọ́ra!" Ohùn Manang Sorsing ga débi pé àkùkọ abẹ́ abíyá rẹ̀ ké. "Ojoojúmọ́ ni Felino ń ṣọ́ra. Ọjọ́ kan wá wà tí ibà mú ọmọ rẹ̀, tí kò fojú kan oorun. Èèyàn ni, ó lè gbàgbé. Ìyá Àgbà kì í gbàgbé, kì í rẹ̀ ẹ́, ọmọ rẹ̀ kì í ṣàìsàn. Bí ẹ bá gba èèyàn síṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ní láti ti ro ọjọ́ tí á gbàgbé kí ọjọ́ náà tó dé. Kì í ṣe kí ẹ dúró kí ọwọ́ ó já kí ẹ tó sáré lọ ra adìẹ. Ẹ fi irin bo ẹnu yìí. Ẹ fún wa ní ọ̀pá tí a ó máa fi ti èyí tó bá há. Ẹ da iyanrìn sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ yé yọ̀. Kí ẹ sì gbé súwíìṣì yẹn wá síbi tí ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ lè na ọwọ́ kàn án. Ìgbà náà ni mo máa di ẹsẹ̀ àkùkọ yìí mú."

"Nay, ó tó," ni Pining wí kẹ́lẹ́.

Àfi bí ẹnì kan ṣe ń pariwo bọ̀ láti ìta. Kapitan Gardo ni, ẹni tó ni ọkọ̀ ńlá aláwọ̀ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Iyọ̀ òkun ti funfun lójú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Pulo! Yìnyín mi dà? Ẹja ti kún orí ọkọ̀ mi, oòrùn ti ń wò wọ́n lójú! Kí ni gbogbo yín pé jọ fún bí ẹni tó ń wo òkú?"

"Ó ti ń bọ̀, Kapitan, ó ti ń bọ̀." Nong Pulo pàtẹ́wọ́. "Inday Pining, bọ́ síbẹ̀! Ẹ tan ẹ̀rọ!"

Pining wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó, ojú àwọn ọkùnrin tó ti ń sọ ọ́ láti ìjẹta pé obìnrin ò lè dúró síbẹ̀. Ó fi ìkọ́ gbé yìnyín kan, ó wọ́ ọ wá sí etí ẹnu náà, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́hùn-ún, ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ku kí wọ́n fa súwíìṣì kí eyín irin náà máa yí.

Manang Sorsing kò sáré. Ó rìn kọjá níwájú ọmọ rẹ̀, ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ó má baà tutù, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì jókòó lé ẹnu Ìyá Àgbà.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ìdí kékeré. Ó kún ẹnu náà tán.

"Ó yá," ó ní, ó gbé àkùkọ lé itan. "Ẹ tan án."

Ọkùnrin tó wà nídìí súwíìṣì ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò bí ẹni tí iná jó. Ó pa ẹ́ńjìnnì pàápàá. Òtútù irin ń gba abẹ́ aṣọ wọ inú egungun Manang Sorsing, ó sì mọ̀ pé ìka ẹsẹ̀ òun ń gbọ̀n. Ó fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì.

"Nay, ẹ dìde!" Pining ti ju ìkọ́ sílẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ̀rọ ni!"

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣebí èèyàn ló ń jẹ? Mo sanra jù ọ́ lọ, á yó kíákíá."

"Ẹ ń dójú tì mí!"

"Ojú tó bá ti èèyàn, lọ́jọ́ kejì á tún gbé e sókè. Ọwọ́ tó bá lọ, ó lọ nìyẹn."

Omijé wá sójú Pining, omijé ìbínú ni, kò nù ún. Ó wo ihò dúdú tó yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan ìyá rẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti wà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó fi èjìká ti ti ìyá rẹ̀. Obìnrin tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ju ìkọ́ tirẹ̀ náà sílẹ̀, ó jókòó, ó ń ráhùn nípa orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìró ìkọ́ ń bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri ilé náà.

"Mo lé yín!" ni Nong Pulo kígbe. "Manang Sorsing, mo ti lé yín kúrò níṣẹ́ láti ìsinsìnyí!"

"Mo gbọ́. Ẹ ṣeun. Ẹni tí wọ́n bá lé ò ní ọ̀gá mọ́. Ta ló wá kù tó lè ní kí n dìde?"

Kapitan Gardo ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó rántí ẹja rẹ̀, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. "Pulo, ẹja mi ò mọ ẹjọ́ rò. Ṣé irin lo ò ní? Mẹkáníìkì mi wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń jórin, irin àlòkù sì kún abẹ́ ọkọ̀ mi. Jẹ́ kó wá bo nǹkan yìí lẹ́nu ká ríbi lọ. Àwọn èèyàn mi á bá yín fi òòlù fọ́ yìnyín." Ó nàka sí Manang Sorsing. "Kì í ṣe nítorí tiyín o. Nítorí ẹja mi ni."

"Ẹ bá mi kí ẹja yín," ni Manang Sorsing wí.

Nong Pulo jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Kò ní kí mẹkáníìkì wá, kò sì ní kó má wá.

Mẹkáníìkì náà dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀. Manang Sorsing dìde fún un kó lè wọn ẹnu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Bí iná ìjórin ti ń ta yàà, tí gbogbo èèyàn ń fi ọwọ́ bojú, ó dúró tì í lórí bí ìyá ọkọ tó ń ṣọ́ ìyàwó nídìí ìkòkò. Ó ní kó dín àyè àárín kù. Ọkùnrin náà dín in kù. Ó ní kó fi ọwọ́ tirẹ̀ dán an wò. Ọkùnrin náà wò ó lójú, ó fi ọwọ́ dán an wò, ìkúùkù rẹ̀ dúró sórí irin.

"Ó dáa," ni Manang Sorsing wí.

Nígbà yẹn ni Nong Pulo padà wọlé. Ó wo irin náà, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́, kò mì. "Ó tán. Ẹ ti rí ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ tan ẹ̀rọ."

"Súwíìṣì ńkọ́?"

"Manang! Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!"

"Mo bẹ̀rù rẹ̀. Súwíìṣì ńkọ́?"

"Irin ti bo ẹnu rẹ̀! Kí la tún ń fi súwíìṣì ṣe?"

"Aṣọ ò lè há? Irun ò lè há? Ìkọ́ ò lè bá àyè yẹn wọlé kó fa ẹni tó dì í mú? Pining, ìwọ lẹsẹ̀ rẹ yá jù nínú wa. Gbà pé ó ti mú mi. Sáré lọ pa á."

Pining kò bi í léèrè. Ó ta sókè láti orí ilẹ̀, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ àgbá yìnyín lọ. Níbi tó ti fẹ́ yà sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi ìdí lélẹ̀ gbàà, ó yọ̀ lọ títí ó fi kan ògiri. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé òpin tó fi kú sí wọn lẹ́nu.

Ibẹ̀ náà ni Nong Pulo ti ṣubú lọ́jọ́ ti Felino. Ó ń wo ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé dé orúnkún rẹ̀, níbi tí egbò ọjọ́ náà wà lábẹ́ ṣòkòtò, kò sì mọ̀ pé òun gbé e síbẹ̀. Bóyá ó ń gbọ́ ohùn Felino. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ.

"Mo sáré," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀yin náà rí i pé mo sáré."

"A rí yín," ni Manang Sorsing dáhùn. "Kò sẹ́ni tó ní ẹ ò sáré. Ibi tó jìnnà ni wọ́n gbé e sí."

Ó yíjú sí mẹkáníìkì. "Ṣé o mọ nǹkan iná? Fa wáyà yẹn wá síbí."

Wọ́n ṣe é. Wọ́n da iyanrìn sílẹ̀. Ọkọ̀ Kapitan Gardo gba yìnyín rẹ̀, ẹja tó bàjẹ́ kò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bú wọn bí ẹni pé gbogbo òkun ló bàjẹ́. Lọ́sàn-án, wọ́n pa àkùkọ náà. Manang Sorsing fúnra rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, torí pé kò bá Tatay Ambo jà. "Ẹ ṣe tiyín, Tatay," ó ní. "Ti káfíńtà ti ṣe." Arúgbó náà ta ẹ̀jẹ̀ yí irin tuntun ká, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì dà bí ẹni pé inú rẹ̀ dùn pé òun nìkan kọ́ ló ru ẹrù náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín ẹran náà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n gbé ti Manang Sorsing fún un, ó tì í padà.

"Mi ò jẹ ẹ́."

Nong Pulo dá jíjẹ dúró. "Kí ló tún kù, Manang?"

"Felino. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ tèmi, kò tíì tán. Ọwọ́ kan ló kù fún un, ọwọ́ kan sì tó láti jókòó sídìí súwíìṣì, tàbí láti máa wo ọkọ̀ tó ń wọlé. Lọ́jọ́ tí mo bá rí i níbí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pa òmíràn, màá jẹ tìyẹ́tìyẹ́."

Pining ti fẹ́ fi ẹran kan sẹ́nu. Ó wo ìyá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì dá a padà sórí ewé. Ó fi ìka nu òróró rẹ̀ sí ara aṣọ pupa orí rẹ̀, ó ń kùn pé ebi ń pa òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Manang Sorsing wá síbi iṣẹ́ bó ṣe máa ń wá. Bóyá kò sẹ́ni tó rántí pé wọ́n ti lé e, bóyá ẹni tó rántí kò rí ẹnu sọ ọ́. Nong Pulo kí i, kò wò ó lójú. Ó béèrè ibi tí ilé Felino wà gan-an, bí ẹni tí kò gba ibẹ̀ kọjá rí, kí ó tó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Pining wà lẹ́nu Ìyá Àgbà. Obìnrin àkọ́kọ́. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gọngọ, ọ̀pá tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń pàṣẹ fún àwọn tó ń fọ́ yìnyín bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ọdún gbọọrọ. Ìyá rẹ̀ ń wọ́ yìnyín bọ̀ láti ìdí àgbá. Ó rí i nígbà tí èérún ńlá kan há sí àyè àárín irin náà. Ó rí i tí ọmọ náà pòṣé, tí kò ro nǹkan kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún já lọ sísàlẹ̀ ní tààrà láti lọ tì í, bí ọwọ́ gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe.

Ìkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Manang Sorsing.

Irin náà dún gbàǹgàn. Pining fò sẹ́yìn, ó ń ju ọwọ́ káàkiri afẹ́fẹ́, ó fi ìka tó ti bó sẹ́nu, ó fà á yọ, ó wò ó. Gbogbo wọn pé.

"Nay!" ó kígbe ju ariwo ẹ̀rọ lọ. "Ẹ wá wo ohun tí irin yín ṣe fún mi! Ó ti bó mi lọ́wọ́!"

Manang Sorsing bẹ̀rẹ̀, ó mú ìkọ́ rẹ̀ nílẹ̀.

"Kó máa bó ọ lọ," ló dáhùn. "Mú ọ̀pá."